Ọgbẹ́ Ọdẹ Ní Ìgbà Ẹ̀ẹ̀rùn: Àkúrẹ́ àti Oǹdó Láti Ayé Àtijọ́ Títí Di Òní

Òwe kan wà tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ rí: bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. A máa ń pa òwe yìí nígbà tí a bá fẹ́ yin ọlọ́làwọ́, a kì í sì í bi ara wa léèrè irú ìṣẹ́ àti irú ìyà tí ó ń sọ. Àwa òpìtàn pàápàá kò bèèrè. Ọdẹ tí ó tẹ ìlú dó, ọdẹ tí ó di jagunjagun, ọdẹ tí ó bá iwin pàdé nínú igbó, àwọn wọ̀nyí ni a kọ sínú ìwé. Nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ní òkè òkun, olùkọ́ mi kan bi mí pé, ọdẹ tí ó bá fara pa ńkọ́, kí ni ẹ ń ṣe fún un? Ojú tì mí, nítorí pé èmi tí mo ń pe ara mi ní ọmọ ọdẹ kò ní ìdáhùn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọpa ọ̀rọ̀ yìí ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ àti nínú ìwé.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ọdẹ ṣe àjèjì sí wa ní agbègbè yìí. Ìtàn Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdẹ erin kan tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ wá, Aṣọdẹbóyèdé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti sọ gbogbo ìtàn náà tán: ó ṣọdẹ, ó sì bá oyè dé. Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ já ní ibi tí ìlú wà lónìí, àkún rẹ́, ibẹ̀ ni orúkọ Àkúrẹ́ ti ṣẹ̀. Òkè-Igbó tí kò jìnnà sí Oǹdó ni ìlú D. O. Fágúnwà, tí ó tẹ ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe mọ ògbójú ọdẹ. Ọdẹ tí ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní ní oṣù kejìlá ni a kò mọ̀.

Mo dárúkọ oṣù kejìlá nítorí pé nínú oṣù ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Láti oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, títí wọ oṣù kẹta, ewé a wọ́, koríko a gbẹ, odò kéékèèké a gbẹ, ẹran a sì máa rìn lọ sí ibi tí omi kù sí. Wọn a tiná bọ igbó, òyà àti ìgalà a máa sá jáde níwájú iná. Ìgbà ọdẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọdẹ wa kì í ṣe ọdẹ nìkan, àgbẹ̀ ni. Láti ìgbà tí kòkó ti wọ inú igbó Oǹdó àti Àkúrẹ́ ni ìkórè rẹ̀ tí ó pọ̀ jù ti máa ń bọ́ sí àárín oṣù kẹwàá àti oṣù kìíní, inú ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ni a sì ń ṣán oko tí a ó gbin iṣu ọdún tí ń bọ̀ sí. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣèṣe ní oṣù keje pàdánù ẹran díẹ̀. Ẹni tí ó ṣèṣe ní oṣù kejìlá pàdánù ẹran, ó pàdánù kòkó tí ọ̀kẹ́rẹ́ yóò máa jẹ lórí igi, ó sì pàdánù iṣu ọdún kejì tí a kò tíì gbìn. Ẹ̀rù èyí ba àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ ju ìrora lọ.

Ohun tí ń ṣe ọdẹ léṣe kò lóǹkà. Ejò wà, oká àti paramọ́lẹ̀ tí ewé gbígbẹ bò mọ́lẹ̀. Ọdẹ a máa já bọ́ láti orí igi tí ó ti ń ṣọ́ ẹran lóru, ìmàdò tí ọta kò pa tán a máa yí padà sí i, tàkúté ẹlòmíràn a sì máa mú un lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn ọdẹ fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá tí ó sún mọ́ ọn jù. Ṣakabùlà tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ, páìpù omi tàbí irin ara mọ́tò àlòkù ni wọ́n sábà ń fi ṣe ẹnu rẹ̀. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, tàbí tí ìpẹtà bá ti jẹ irin náà, ìbọn a bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́, a sì mú ìka lọ, nígbà mìíràn ojú. Èyí tí a kì í fẹ́ sọ síta ni ti ọdẹ tí ó yìnbọn fún ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ṣe bí ẹran ni. Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, iwájú Olúọdẹ ni wọ́n máa ń gbé e lọ, lórí irin ni wọn yóò sì ti búra, nítorí Ògún kì í gbọ́ irọ́.

Nínú igbó, òfin àkọ́kọ́ ni pé a kì í fi ọdẹ sílẹ̀. Wọn a gé igi méjì, wọn a fi ìtàkùn hun àárín rẹ̀, wọn a tẹ́ aṣọ lé e, wọn a sì gbé e ní ìgbà-fún-mi-n-gbà-fún-ọ títí dé ilé. Ẹnì kan a ti ṣáájú lọ sọ fún àgbà ilé, kì í sì í ké ní ojú ọ̀nà.

Ní ilé, a ó ránṣẹ́ sí oníṣègùn tí ń to eegun. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ kí á sọ ọ́ bí ó ti rí. Yóò fọwọ́ tẹ ibi tí ó dá, yóò fi òrí pa á, yóò fà á bọ̀ sípò, yóò sì dì í pẹ̀lú ọparun tí a là wẹ́wẹ́ tí a hun pọ̀ bí ẹní kékeré. Ọ̀pọ̀ wọn a máa dá ẹsẹ̀ adìẹ kan ní ọjọ́ kan náà, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú irú ewé kan náà. Ọjọ́ tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀ dáadáa ni wọn yóò tú ti aláìsàn. Ẹni tí ó bá fi èyí rẹ́rìn-ín kò ronú: ọ̀nà láti ka ọjọ́ ni, ó sì ń fi aláìsàn lọ́kàn balẹ̀. Mo gbà pé àwọn ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pàápàá Ogun Kírìjì tí ó jà láti 1877 dé 1893, sọ ọwọ́ àwọn oníṣègùn wọ̀nyí di ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́, nítorí àwọn ọdẹ ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ń yìnbọn, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò tọ́jú wọn.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ohun tiwa kò gbọdọ̀ di wá lójú. Bí a bá di ọparun náà le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní rìn mọ́, ẹsẹ̀ a dúdú, a sì kú. Àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà ti kọ ọ́ léraléra pé èyí wà lára ohun tí ń mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ tí ì bá yè. Bákan náà ni ti ejò. Dídi ìtàkùn mọ́ ẹsẹ̀ pinpin àti fífi abẹ ya ojú ibi tí ejò bù jẹ, ìpalára ni wọ́n ń fi kún ìpalára. Láti 1895 ni Albert Calmette ti ṣe oògùn tí ń pa oró ejò ní ilẹ̀ Faransé, síbẹ̀ ó di 2017 kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ka ejò bíbù jẹ mọ́ àwọn àìsàn tí ayé pa tì. Ọdẹ wa wà lára àwọn tí a pa tì náà. Ti tẹ́tánọ́ọ̀sì tí ń gba inú erùpẹ̀ wọ ọgbẹ́ tún burú jù, nítorí kò sí ewé tí ó ká a, bẹ́ẹ̀ ni láti 1890 ni Behring àti Kitasato ti fi ọ̀nà àti dènà rẹ̀ han ayé.

Ilé ìwòsàn sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kìíní ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé ìwòsàn Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà, ṣùgbọ́n láti inú igbó Ìdànrè tàbí ti Oǹdó, ta ni yóò ru ẹni tí ó dá nítan dé Iléṣà? Lónìí, Oǹdó ní ilé ìtọ́jú àwọn tí ó fara pa nínú ìjàm̀bá, tí a kọ́ ní àsìkò ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò (2009 sí 2017). Àwọn tí mọ́tò ṣe léṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí ọdún Ògún ní Oǹdó, tí ó rí bí awakọ̀ ṣe ń fi màrìwò ṣe mọ́tò rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, yóò mọ̀ pé ọmọ bàbá kan náà ni awakọ̀ àti ọdẹ.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Ilé ìwòsàn gba iṣẹ́ oníṣègùn, ó sì ṣe é dáadáa jù ú lọ ní ọ̀nà púpọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníṣègùn jẹ́ apá kan péré nínú ohun tí ọdẹ tí ó ṣèṣe ń rí gbà. Ta ni yóò ká kòkó? Ní ayé àwọn baba wa, àáró ni ó dáhùn èyí: àwọn tí ọdẹ náà ti bá ṣiṣẹ́ rí yóò wá san án padà ní oko rẹ̀, ana rẹ̀ yóò sì wá ṣe ọ̀wẹ̀. Èèsú tí Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921 wà níbẹ̀ fún owó oògùn, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ bá gbà kí ó kó o ṣáájú. Kò sí èyí tí a kọ sí ara ìwé ilé ìwòsàn nínú wọn, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ sì kúrò lóko lọ sí Èkó àti Àkúrẹ́, àáró bẹ̀rẹ̀ sí í kú, láìsí ẹni tí ó kéde ikú rẹ̀. Bí ọdẹ bá kú, a ó ṣe ìṣípà fún un, a ó sun ìrèmọ̀jé. Bádé Àjùwọ̀n ti kọ odidi ìwé nípa èyí ní 1982. Bí ọdẹ bá di aláàbọ̀ ara, èmi kò mọ ayẹyẹ kankan tí a ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì di ìtàn. Láti 2020 tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fi òfin dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Àkúrẹ́, a ti gba àwọn ọdẹ sínú rẹ̀, wọ́n sì ń wọ igbó lọ pàdé ohun tí ó burú ju ìmàdò lọ. Ẹni tí ó bá gba aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ní ẹni tí ó lè bi léèrè bí ó bá fara gbọgbẹ́. Ọdẹ abúlé tí wọ́n kàn pè ní òru láti fi ọ̀nà igbó hàn wọ́n ńkọ́? Ìbéèrè olùkọ́ mi ni ó tún padà wá yìí.

Bàbá àgbà kan wà nínú ẹbí ìyá mi ní Oǹdó tí ìbọn bẹ́ mọ́ lọ́wọ́ kí a tó bí mi. Ìka méjì ni ó kù ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ká kòkó rẹ̀ ní ọdún náà, ìyẹn ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ, kí ó tó sọ nípa ọwọ́ rẹ̀ rárá. Ní òru ọyẹ́, èmi ọmọ kékeré a máa jókòó tì í ní ẹ̀yìn ilé. Bí ìbọn bá dún ní ọ̀nà jíjìn, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò sì dárúkọ ẹni tí ó ni ín. Ní òwúrọ̀, ẹni náà yóò dé pẹ̀lú itan ẹran nínú ewé.