Ìsinmi

Ní Sókótó, níbi tí ooru oṣù kẹrin ti máa ń ga ju ìwọ̀n 40 Celsius lọ, tí iná sì lè lọ nígbàkigbà, ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká gbọ́dọ̀ ṣọ́ bátìrì rẹ̀. Níbẹ̀ ni ìsinmi díìsìkì kọ̀ǹpútà ti wúlò.

Nínú ọ̀rọ̀ náà "ìsinmi", ì- ló sọ ọ̀rọ̀-ìṣe "sinmi" di ọ̀rọ̀-orúkọ. Òṣìṣẹ́ ń sinmi, ọmọ iléèwé ń lọ fún ìsinmi. A tún máa ń fi pẹ́ ikú sọ, bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rò pé díìsìkì tó sinmi ti bàjẹ́. Rárá o! Háàdì díìsìkì kọ̀ǹpútà alágbèéká sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a kò bá lò ó, ó lè dẹ́kun yíyí kí bátìrì lè pẹ́:

"Díìsìkì ti sinmi, àmọ́ ìwé tí mò ń kà ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà."

Ẹ má pè é ní oorun. Bí kọ̀ǹpútà bá sùn, ojú rẹ̀ pàápàá á ṣókùnkùn. Ìsinmi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kò sì lérè, torí ìgbà tí díìsìkì bá tún ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí ló ń gba iná jù. SSD, oríṣi ibi ìpamọ́ mìíràn nínú kọ̀ǹpútà, ní tirẹ̀ kì í yí rárá. Irú ìsinmi yìí kò kàn án.