Ẹyẹ, Igi àti Ìlú: Ìtàn Ibòji ní Kaduna àti Iṣẹ́ tí Ó Kan Olùkọ́

Ìfáàrà

Bí a bá ń sọ ìtàn Kaduna, ọ̀rọ̀ ìjọba, ọ̀rọ̀ rélùwéè àti ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣọ ni a sábà máa ń sọ. A máa ń dárúkọ Lugard, a máa ń dárúkọ Sardauna, a sì máa ń sọ ti ìdìtẹ̀gbàjọba ọdún 1966. A kì í sábà sọ ti igi tó wà lẹ́bàá títì, tàbí ti ẹyẹ tó ń sùn lórí rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ fi hàn pé igi àti ẹyẹ Kaduna ní ìtàn tiwọn, àti pé ìtàn náà kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn àwọn ènìyàn ìlú. Kókó ọ̀rọ̀ wa ni pé ibòji inú ìlú náà kò ṣàdédé wà. Òfin ni ó pín in, ìpín náà kò sì dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ bá mọ èyí, a ó rí ìdí tí ọgbà ilé-ìwé fi ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ.

Ìlú tí a fi pápá pín

Kí Òyìnbó tó dé, àwọn Gbagyi ni wọ́n ń dáko ní agbègbè odò Kaduna. Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ni pé láti ara kada, èyí tí í ṣe ọ̀nì ní èdè Haúsá, ni orúkọ odò náà ti jáde. Lokoja ni ìjọba Àríwá kọ́kọ́ fi ṣe olú-ìlú ní ọdún 1900. Ó kúrò níbẹ̀ lọ sí Jebba, ó sì tún lọ sí Zungeru. Lugard ni ó wá yan Kaduna, iṣẹ́ ilé kíkọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1913. Nígbà tó fi di ọdún 1917, ìjọba ti kó dé ibẹ̀. Ní ọdún 1926, ojú irin tó wá láti Port Harcourt bá ti Èkó pàdé ní Kaduna, ìlú náà sì di oríta. Ojú irin yìí ni ó gbé ọ̀pọ̀ Yorùbá àti Ìgbò wá síbẹ̀: akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, oníṣòwò àti olùkọ́.

Ọdún 1917 yìí kan náà ni òfin tó ṣètò àwọn ìlú Nàìjíríà jáde. A kò lè lóye òfin náà láìmẹ́nu ba ẹ̀fọn. Ní ọdún 1897, Ronald Ross rí i ní Íńdíà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé àrùn ibà kiri. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà amúnisìn kan ti ń sọ pé ara àwọn ọmọ ilẹ̀, pàápàá jù lọ ara ọmọdé, ni ẹ̀fọn ti ń kó ibà ran Òyìnbó. Lugard wá pa á láṣẹ pé kí a fi ilẹ̀ tó fẹ̀ tó yáàdì 440, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mítà 400, sáàárín àdúgbò Òyìnbó àti àdúgbò ọmọ ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sórí rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀fọn kò ní lè fò dé òdìkejì, iná kò sì ní lè ràn débẹ̀. Pápá gọ́ọ̀fù àti pápá eré ẹṣin ni wọ́n sábà máa ń fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, òfin fàyè gba àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ láti máa sùn lẹ́yìnkùlé ọ̀gá wọn, bí ẹni pé ẹ̀fọn mọ ẹni tó ń se oúnjẹ yàtọ̀ sí aládùúgbò.

Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ilẹ̀ tútù tí a ń yìn lónìí gẹ́gẹ́ bí ẹwà ìlú bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí odi. Ìran tó kọ́ ọ ti lọ, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ní GRA, ilé jìnnà sí ilé, ọgbà fẹ̀, igi sì ga. Ní àdúgbò tí èrò pọ̀ sí bíi Tudun Wada àti Kakuri, ilé fara kan ilé, igi kan ṣoṣo nínú àgbàlá sì lè jẹ́ ibòji fún ìdílé mẹ́fà.

Igi tí a gbìn àti ẹyẹ tó tẹ̀lé e

Orúkọ àdúgbò máa ń pa ìtàn igi mọ́. Rimi tó wà nínú Ungwan Rimi ni igi tí Yorùbá ń pè ní àràbà. Madaci, tí a ń pè ní ọ̀gánwó, jẹ́ igi ilẹ̀ yìí, ó sì wà lára àwọn igi ńlá tí a fi ń ṣe ibòji títì. Dóńgóyárò ní tirẹ̀ jẹ́ àlejò: ilẹ̀ Íńdíà ni ìdílé rẹ̀ ti wá, láti Gánà ni a sì ti gbé irúgbìn rẹ̀ dé Borno ní ọdún 1928. Lónìí, ọmọ Kaduna tí ó bá ń pọn àgbo ibà kò rántí pé àlejò ni.

Ibi tí igi bá wà ni ẹyẹ ń wá. Ẹ̀gà fẹ́ràn igi tó sún mọ́ ilé ènìyàn, ọ̀pọ̀ ìtẹ́ rẹ̀ sì máa ń rọ̀ sórí ẹ̀ka kan. Àdàbà, tí Haúsá ń pè ní kurciya, ń jẹ èso koríko ní àgbàlá. Àwòdì, tí wọ́n ń pè ní shirwa, ń yí lókè ọjà. Lékeléke, balbela ní èdè Haúsá, ń tẹ̀lé màlúù. Ẹyẹ yìí fúnra rẹ̀ kúrò ní Áfíríkà, ó fò kọjá òkun dé Gúúsù Amẹ́ríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sì sí ọkọ̀ tó gbé e.

Àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ àti èdè tí wọ́n fi kọ ọ́

Láàárín ọdún 1930 sí 1951, Bannerman gbé ìwé ńlá mẹ́jọ jáde lórí ẹyẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Elgood, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ibadan, kó orúkọ àwọn ẹyẹ Nàìjíríà jọ, àtúntẹ̀ ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1994. Ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, Fry fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí àwọn ẹyẹ tó máa ń jẹ oyin. Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis, tó wà lábẹ́ Yunifásítì Jos, ló ń kọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ náà. Láti ọdún 2015 ni iṣẹ́ àwòrán-ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án ní gígùn àti ní ìbú. Ẹni tó bá fẹ́ kópa yóò lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú ọ̀kan, yóò sì kọ orúkọ ẹyẹ tó rí tẹ̀léra tẹ̀léra. A kò béèrè oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì àti Látìnì ni a fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè ya kìnnìún tí kò rí rí, kí ó má sì mọ orúkọ ẹyẹ tó ń ké lójú fèrèsé kíláàsì, yálà ní Haúsá, ní Gbagyi tàbí ní Yorùbá.

Ohun tí ìwádìí sọ nípa àǹfààní

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Ní ọdún 1984, Roger Ulrich gbé èsì ìwádìí jáde láti ilé-ìwòsàn kan ní Pennsylvania. Ó fi àwọn 23 tó ń wo igi láti ojú fèrèsé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ òróòro wé àwọn 23 tó ń wo ògiri bíríkì. Àwọn tó ń wo igi tètè lọ sílé, wọn kò sì lo oògùn ìrora líle tó àwọn yòókù. Ní Leicester, Jennifer Owen fi ọgbọ̀n ọdún ka ohun abẹ̀mí inú ọgbà kékeré ilé rẹ̀, ó sì rí oríṣi 2,673. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2003, àwọn olùwádìí ní Phoenix, ní Amẹ́ríkà, rí i pé bí owó àdúgbò ṣe ń pọ̀ sí i ni oríṣi ewéko rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ohun tí òfin 1917 fi tipátipá ṣe ní Kaduna, owó ń ṣe é níbòmíràn láìsí òfin.

Igún gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí

Yorùbá ní igún kì í kú léwe. Wọ́n tún ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Èèwọ̀ yìí bá òye mu, nítorí igún ń palẹ̀ òkú ẹran mọ́ ní ìdí odò ẹran láìgba owó. Ẹyin kan péré ni irú èyí tó ń gbé láàárín ìlú máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, orí igi gíga ni ó sì ń kọ́ ìtẹ́ sí. Ní ọdún 2015, àjọ IUCN kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tí ewu ìparun wọn le jù lọ. Májèlé wà lára ohun tó fà á, gígé igi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni títa orí àti ẹ̀yà ara rẹ̀ fún oògùn. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n: àwa tí a ní èèwọ̀ náà lẹ́nu náà ni a wà lára àwọn tó ń rà á lọ́jà.

Àtakò àti àbá

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ilé-ìwé tí kò ní omi kò nílò ẹyẹ. Àwọn òbí mìíràn ń bẹ̀rù ejò, òmíràn sì ń sọ pé òwìwí lórí igi kì í ṣe ẹyẹ lásán. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n igbó tí a kò ro ni ejò ń fẹ́, kì í ṣe igi tí a gbá abẹ́ rẹ̀. Ìgò omi kan lójúmọ́ tó láti gbé igi kékeré kan la ẹ̀ẹ̀rùn, ibòji rẹ̀ sì ń dín ooru oṣù kẹta kù ní kíláàsì tí kò ní iná.

Nítorí náà, a dá àbá mẹ́ta. Èkíní, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ igi àti ẹyẹ inú ọgbà rẹ̀, ní èdè mẹ́ta ó kéré tán, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka èdè àti ti sáyẹ́ǹsì jọ kọ ọ́. Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ gbin igi kan sí ilé-ìwé tó bá lọ, ní àdúgbò tí ibòji kò tó ní pàtàkì. Ẹ̀kẹta, kí ó jẹ́ igi ilẹ̀ wa: àràbà tàbí ọ̀gánwó níbi tí àyè fẹ̀, àti igi irú, tí Haúsá ń pè ní dorowa, nítorí pé ó ń bọ́ ènìyàn, ó sì ń bọ́ ẹyẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 1967, Max Lock àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé ìwé ètò Kaduna jáde fún ìjọba Àríwá. Àkọlé rẹ̀ dárúkọ ọdún mẹ́ta: 1917, 1967 àti 2017. Ọdún kan náà ni a pín Àríwá sí ìpínlẹ̀ mẹ́fà, ìjọba tó bẹ iṣẹ́ náà kò sì sí mọ́. Ọdún 2017 pàápàá ti kọjá. Láàárín rẹ̀ ni ìjà ẹ̀sìn ọdún 2000 ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá odò, ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì sì kó lọ sí gúúsù. Odi yáàdì 440 ti wó, ṣùgbọ́n ìlú tún ti rí odi mìíràn.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ẹ̀gà tó wà ní Barnawa àti èyí tó wà ní Kawo, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Bí ọmọ ilé-ìwé ní apá méjèèjì odò bá ń ka ẹyẹ kan náà, tí wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí ara wọn, ìyẹn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí olùkọ́ lè ṣe ní sáà tó ń bọ̀ láìdúró de ìwé àṣẹ kankan.