Yunifásítì Georgetown àti Àwọn Ẹrú Ọdún 1838

Ní ọdún 1789 ni àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà gba ìwé ilẹ̀ Georgetown, lórí òkè kan létí odò Potomac, ní Amẹ́ríkà. John Carroll ni aṣáájú wọn. Jesuit ni òun náà kí Póòpù tó tú ẹgbẹ́ náà ká ní 1773. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tún dìde, ọwọ́ wọn ni ilé-ẹ̀kọ́ náà bọ́ sí. Carroll fẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ọmọ ẹlẹ́sìn gbogbo. Ṣùgbọ́n oko tábà àwọn Jesuit ní Maryland ni wọ́n gbójú lé fún owó, àwọn ẹrú adúláwọ̀ ni ó sì ń ro oko náà.

Nígbà tí ó yá, oko kò mú èrè wá mọ́, gbèsè sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́rùn. Ní ọdún 1838, Thomas Mulledy, tí ó ti ṣe olórí ibẹ̀ rí, ṣe àdéhùn láti ta ẹrú 272 sí Louisiana ní 115,000 dọ́là. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àìmọ̀ ni ó fà á. Jan Roothaan, olórí gbogbo Jesuit ní Róòmù, ti pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ ya ọkọ kúrò lọ́dọ̀ aya tàbí òbí kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, pé kí wọ́n lè máa ṣe ẹ̀sìn wọn níbi tí wọ́n ń lọ, pé a kò sì gbọdọ̀ fi owó wọn san gbèsè. Síbẹ̀ wọ́n tú ìdílé ká. Nínú 25,000 dọ́là àkọ́kọ́, 17,000 bá gbèsè ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ. Àwọn tí ó gba àṣẹ náà ni ó rú u.

Ohun ìyanu ni pé ọmọ ẹrúbìnrin kan láti Georgia, Patrick Healy, ni ó di olórí ibẹ̀ ní 1874, tí ó sì kọ́ ilé olókùúta ńlá tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Ó di ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì kí ilé-ẹ̀kọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí gba akẹ́kọ̀ọ́ tí a mọ̀ sí adúláwọ̀.

Àwọn Jesuit kì í fi àkọsílẹ̀ ṣeré. Orúkọ àti ọjọ́ orí àwọn tí wọ́n tà wà nínú ìwé, ìwé náà ni àwọn àrọ́mọdọ́mọ fi ń wá ìdílé wọn rí lónìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn ní 2015, a sì yọ orúkọ Mulledy kúrò lára ilé kan. Ní 2017, yunifásítì àti àwọn Jesuit tọrọ àforíjì. Isaac Hawkins ni ilé náà ń jẹ́ báyìí. Òun ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú ìwé títà náà. Ẹni ọdún 65 ni.