Àkísà Àgbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí mo bá káfíńtà kan ní Bẹyẹrúnkà, tí ó ń fi ṣéènì lu àga tuntun tí òun tìkára rẹ̀ kàn.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni àga yìí ṣẹ̀ yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi. Ẹni tí ó ni ín ni ó ní kí n sọ ọ́ di ti ilé bàbá àgbà."

Ní agboolé àtijọ́ ní Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, a kì í lu igi kí ó tó gbó. Àpótí tí ìyá àgbà fi ń jókòó ti ààrò, èéfín a kùn ún, epo a ta sí i, ìjókòó ojoojúmọ́ a sì mú un dán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ère ìbejì. Ìyá tí ìbejì rẹ̀ kú a máa wẹ ère náà, a fi osùn pa á lára, a sì fi ẹ̀lú kun irun rẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, imú àti ojú rẹ̀ a jẹ. Ọwọ́ ìyá ni ó jẹ ẹ́, kì í ṣe sáńpépà.

Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ìbàdàn. Ó rí ojúbọ Ṣàngó ní Agbẹni pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀, ó sì ra ọ̀pọ̀ ohun àtijọ́ kó lọ. Bí àwọn òyìnbó ti ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí i, àwọn oníṣòwò rí i pé ogbó ń pa owó. Ní ọdún 1953, ìjọba ṣe òfin pé a kò gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ògbólógbòó tà ti kọ́ bí a ti ń ṣe é: a gbé ère tuntun kọ́ sókè ààrò, tàbí kí a rì í mọ́lẹ̀ kí ikán lè fi ẹnu kàn án.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹni tí ó lu àga nínú ilé ara rẹ̀ kò jalè. Ẹni tí ó tà á fún ẹlòmíràn bí ohun àtijọ́ ni ó purọ́. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé nígbà tí a sin ìyá àgbà tiwa, a kó àpótí rẹ̀ jáde, a fi dáná. A ní ó ti gbó. Èmi náà wà níbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan.

Ìwé tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ kò pọ̀. Ara igi ni wọ́n kọ púpọ̀ sí. Bí a bá fi ti òtítọ́ dáná, tí a sì fi ayédèrú lé àwọn ọmọ wa lọ́wọ́, kí ni wọn yóò kà?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ wo ẹ̀yìn ààrò nílé yín kí ẹ tó pe káfíńtà.