Bí Ìyípadà Ojú Ọjọ́ Ṣe Ń Kan Òjò, Omi, Ilẹ̀ àti Ohun Ọ̀gbìn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ìyípadà ojú ọjọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò ọjọ́ kan tàbí ọ̀dá ọdún kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ tí ó ń dé bá ooru, òjò àti afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni. Epo rọ̀bì, èédú àti gáàsì tí ọmọ ènìyàn ń sun, pẹ̀lú igbó tí a ń pa run, ni olórí ohun tí ó fà á. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ayé ti fi ohun tí ó ju 1.1°C lọ gbóná sí i. Ní ìpínlẹ̀ wa, ipasẹ̀ omi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń mọ̀ ọ́n lára.

Òjò
Ìgbà òjò méjì ni a mọ̀: àkọ́rọ̀, tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹta, àti àrọ̀kúrò, tí ó máa ń dé lẹ́yìn ìsinmi òjò inú oṣù Kẹjọ. Ewu àkọ́rọ̀ ni òjò ẹ̀tàn: àgbẹ̀ á gbin àgbàdo lẹ́yìn òjò kan tàbí méjì, òjò á dáwọ́ dúró, irúgbìn á sì gbẹ mọ́lẹ̀. Bí òjò bá sì padà dé, ó lè le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá fi 1°C gbóná sí i, oru omi tí ó lè gbà yóò fi nǹkan bí 7% pọ̀ sí i.

Ilẹ̀ àti omi mímu
Òjò líle kì í ráyè rin ilẹ̀. Àgbàrá ni ó ń dà, tí ó sì ń gbá ọ̀rá ilẹ̀ lọ sínú odò. Bí omi kò bá wọlẹ̀ nígbà òjò, kànga á tètè gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Kòkó
Òjò 1,500 sí 2,000 mílímítà lọ́dún ni ó bá kòkó lára mu, kò sì fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn tí ó ju oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn gígùn ń pa kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Òjò àpọ̀jù ń ran àrùn tí ó máa ń mú èso kòkó dúdú, tí ó sì ń mú un rà lórí igi, lọ́wọ́.

Etí òkun
Láàárín 1901 sí 2018, omi òkun lágbàáyé fi nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà ga sí i. Ilẹ̀ Ìlàjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ. Ní Ayétòrò, tí a tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ àwọn onílé. Níbi tí omi iyọ̀ bá dé, omi kànga kì í ṣeé mu mọ́, irúgbìn kì í sì í ṣe dáadáa.

Ohun tí olúgbé lè ṣe
• Kí àgbẹ̀ gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí àjọ NiMet ń gbé jáde lọ́dọọdún kí ó tó gbìn.
• Kí a fi igi ìbòòji sílẹ̀ láàárín kòkó, kí a má sì sun oko.
• Kí a má kọ́lé sí ojú àgbàrá, kí a má sì da pàǹtírí sí gọ́tà.
• Kí a máa gbe omi òjò pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn.

Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ẹni tí ó ti múra sílẹ̀ ni àdánù rẹ̀ máa ń kéré.