Ẹ̀kọ́ Fọ́tò Yíyà, Láti Yàrá Òkùnkùn Dé Orí Kámẹ́rà Tí Kò Lo Fíìmù

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn lóde òní ni pé fọ́tò yíyà kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń kọ́ mọ́. Wọ́n ní kámẹ́rà tuntun ti mọ gbogbo rẹ̀ tán: òun ni ó ń wọn ìmọ́lẹ̀, òun ni ó ń wá ojú ẹni tí a fẹ́ yà, ohun tí ó kù fún ènìyàn kò ju kí ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ lọ. Èrò yìí kò tọ̀nà. Bí a bá wo ìtàn iṣẹ́ náà láàárín àwa Yorùbá, a ó rí i pé ìmọ̀ tí à ń kọ́ kò yí padà tó bí a ti rò. Ẹni tí ó ń kọ́ni, àti ohun tí àṣìṣe ń náni, ni ó yí padà.

Kí kámẹ́rà tó dé rárá ni a ti ní ọ̀rọ̀ náà, àwòrán. Babatunde Lawal, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà, gbà pé "à-wò-rántí" ni ó bí i, èyíinì ni ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè jiyàn lórí orírun ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí àwọn baba wa fi fọ́tò ṣe mu. Ọdún 1839 ni a kéde ọ̀nà tí Daguerre fi ń ya fọ́tò ní Párísì; kí ọ̀rúndún náà tó parí, àwọn adúláwọ̀ ti ń fi iṣẹ́ náà jẹun ní Èkó. Ọ̀kan nínú wọn ni George S. A. Da Costa, tí a bí ní 1853. Ilé ìtàwé ìjọ C.M.S. ni ó ń bójú tó títí di 1895, kí ó tó gba iṣẹ́ fọ́tò. Ẹ kíyè sí i pé ó ti lé ní ẹni ogójì ọdún nígbà náà.

Lẹ́yìn ìgbà tirẹ̀, ọ̀nà tí ó wá wọ́pọ̀ ni ti ọmọ iṣẹ́. Òbí a mú ọmọ lọ bá ọ̀gá, wọn a fohùn ṣọ̀kan lórí owó àti iye ọdún, ọmọ a sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ gbígbá, omi pípọn, àti aṣọ tí a ń ta sẹ́yìn ẹni tí a fẹ́ yà. Ó lè pẹ́ kí ó tó fọwọ́ kan kámẹ́rà. Kì í ṣe ìwà ìkà. Àwòrán 12 péré ni fíìmù inú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ìgbà náà ń gbà, owó sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Yàrá òkùnkùn gan-an ni ilé ẹ̀kọ́. Níbẹ̀, lábẹ́ iná pupa bàìbàì, ọmọ iṣẹ́ a ti bébà bọ inú omi oògùn, a máa wò ó bí ojú ènìyàn ti ń yọ díẹ̀díẹ̀. Bí ojú náà bá dúdú jù, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù lórí bébà. Bí ó bá ràn jù, ìmọ́lẹ̀ kò tó. Ọ̀gá a sọ ìdí rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìfọ́tí.

Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ́. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, kọ àpilẹ̀kọ ní 1978 nípa iṣẹ́ àwọn onífọ́tò wa, pàápàá àwọn ti Ìlá Ọ̀ràngún. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ti ń mú àgbàlagbà jókòó kí ó kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, ọwọ́ lórí itan, kí aṣọ fẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì sì hàn. Ó tún kọ nípa ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú kí a tó ya wọ́n pọ̀, onífọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bébà kan, bí ẹni pé àwọn méjèèjì ni ó jókòó. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, a wọ ẹni tí ó kù ní aṣọ ọkùnrin, a yà á. A wọ̀ ọ́ ní ti obìnrin, a tún yà á. Fọ́tò bẹ́ẹ̀ lè dípò ère ìbejì. Ìwé wo ni ó bá kámẹ́rà wá láti òkè òkun tí ó lè kọ́ ènìyàn ní èyí?

Àwọn mìíràn kò gba ọ̀nà àdéhùn. J. D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ ilẹ̀ Ẹdó, ra kámẹ́rà Brownie kékeré ní 1950, aládùúgbò rẹ̀ kan ni ó fi bí wọ́n ti ń lò ó hàn án. Ní 1954 ó rí iṣẹ́ yàrá òkùnkùn ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó fi máa bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin ní 1968, ó ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ní 1975, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Steven Sasson, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ṣe kámẹ́rà kan tí kò lo fíìmù. Ó wúwo ju kílò mẹ́ta lọ, ìṣẹ́jú-àáyá 23 sì ni àwòrán kan ń gbà kí ó tó wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Fíìmù ni Kodak ń tà. Wọn kò yára tẹ̀ lé e. Ní 1995 ni Casio gbé QV-10 jáde, tí ó ní ojú kékeré lẹ́yìn tí ènìyàn ti lè rí ohun tí ó yà lójú ẹsẹ̀. Ní 2012 Kodak sá di òfin nítorí gbèsè.

Ojú kékeré yẹn ni ó gba ipò ọ̀gá. Ó ń fi àṣìṣe hàn kíákíá, kò sì gba owó. Ṣùgbọ́n kì í sọ ìdí. Akẹ́kọ̀ọ́ a rí i pé àwòrán kò dára, a pa á rẹ́, a tún tẹ òmíràn. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìkọ́ ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí ó mú kámẹ́rà náà lọ síbi ọdún Ọbàtálá. Ohun tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ gbà pé gbogbo ohun tí a bá kọ ọ́ sí kò funfun, kò sì dúdú. Nítorí náà àlà yóò jáde bí aṣọ tí a fi omi eérú fọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ẹtù ni ó kún ojú rẹ̀, yóò ṣá. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ìmọ́lẹ̀ kún ti àlà, yóò dín ti ẹtù kù. Bákan náà ni òfin àtijọ́: nínú oòrùn tí ó mú dáadáa, bí fíìmù bá jẹ́ 100, kí a fi ojú kámẹ́rà sí 16, kí ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ sì ṣí fún ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ fi òǹkà wọ̀nyí sínú kámẹ́rà tí a rà lánàá. Àwòrán yóò jáde bí ó ti yẹ.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni àwọn àpótí nẹ́gátíìfù. S. O. Alonge, tí ó kọ́ṣẹ́ ní Èkó kí ó tó di onífọ́tò ààfin Ọba Benin, ṣe oríire: àwọn nẹ́gátíìfù rẹ̀ wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington, a sì pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní 2014. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni àwọn ọmọ kó tiwọn dà sí ààtàn nígbà tí wọ́n ń tún ilé ṣe. Síbẹ̀, nẹ́gátíìfù tí ó bá ṣẹ́ kù ṣì ṣeé gbé síwájú fèrèsé kí a wo ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó wà nínú káàdì kámẹ́rà kò ṣeé wò bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni mo ṣe ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi tẹ fọ́tò kan ó kéré tán lọ́dọọdún sórí bébà, kí wọ́n kọ orúkọ, oríkì, ọjọ́ àti ìlú sí ẹ̀yìn rẹ̀.