Ìbò àti ẹ̀rí ọkàn: ohun tí Ìjọ Àgùdà ń kọ́ àwọn olùdìbò

Lágbègbè wa, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló ń fi ẹnì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábújá: Àríwá Ìjẹ̀bú, níbi tí Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè wà, Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, àti Ògùn Waterside. Abájọ tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fi máa ń jẹ́ "ọmọ ibo ni?" Fún ọmọ Ìjọ Àgùdà, ìbéèrè yẹn nìkan ò tó.

Katikísìmù tí Ìjọ gbé jáde lọ́dún 1992, nọ́ńbà 2240, ka ìbò dídì mọ́ ojúṣe, bíi owó orí sísan. Ire gbogbo ará ìlú ló yẹ ká fi wọn olùdíje. Ẹni tó ń dìbò l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè gbọ́dọ̀ ro ti apẹja tó wà létí omi n'Ìwòpin, bí wọn ò tiẹ̀ mọra rí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí èèyàn, látinú oyún títí dọjọ́ alẹ́, ló sì wúwo jù lórí ìwọ̀n náà.

Ta wá ni kẹ́ ẹ dìbò fún? Fádà ò ní sọ. Òfin Ìjọ tọdún 1983, abala 287, kò fẹ́ kí àlùfáà máa kópa nínú ẹgbẹ́ òṣèlú, àfi bí aláṣẹ Ìjọ bá rí i pé ó di dandan. Nígbà tí Fádà Hyacinth Alia wọ ìdíje gómìnà Bẹ́núè lọ́dún 2022, bíṣọ́ọ̀bù Gboko dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ àlùfáà. Ó wọlé lọ́dún 2023. Póòpù Francis pàápàá, tí wọ́n bi nípa ìbò Amẹ́ríkà ní September 2024, ní kí wọ́n yan èyí tí ibi rẹ̀ kéré jù, kí oníkálukú fẹ̀rí ọkàn rò ó. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ibi tó le jù ni "dìbò kóo sebẹ̀". Ebi ń pa èèyàn, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni, ọ̀ràn sì tún ni: Òfin Ìdìbò tí wọ́n ṣe lọ́dún 2022, nínú abala 121 rẹ̀, fi ẹ̀wọ̀n oṣù 12 tàbí owó ìtanràn tó lè tó ₦500,000 tì í nígbà náà, tàbí méjèèjì.

Ẹni tó ti gbowó ńkọ́, tí wọ́n tún ní kó fi Bíbélì búra? Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìbúra náà ti dè wọ́n. Rárá o. Abala 1201 nínú Òfin Ìjọ sọ pé ìbúra ò lè fún ohun tó máa pa ará ìlú lára lágbára. Bó bá sì jẹ́ tipátipá ni wọ́n fi mú un búra, abala 1200 ní asán ni. Ẹ̀ṣẹ̀ owó gbígbà ṣì wà níbẹ̀, ẹ lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ fún fádà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé ibi ìtẹ̀ka, ẹ ò jẹ ẹni tó fún yín lówó ní gbèsè ìbò kankan.